Oyin Orí Òkè

Ọkùnrin tó bá ń sọnù fún ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tí fóònù rẹ̀ kì í lọ, tí yóò wá padà dé pẹ̀lú oyin lọ́wọ́ bíi pé kò sí nǹkan kan, ó tó kọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ lóminú. Àǹtí Ìdíátù ló sọ bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni alárinà o. Bọ́tìnnì, sípì àti òwú ìránṣọ ló ń tà ní ọjà Ojúwoyè ní Múṣin. Òun ló tọ́ Shakirat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dàgbà lẹ́yìn tí ìyá ọmọ náà kú, òun náà ló sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alaaji Yẹ̀kínnì, fún odidi ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbà kí Taoheed máa wọlé wá. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wá dàrú, ojú ta ni yóò tì? Ojú tirẹ̀ ni.

Ká má parọ́, Taoheed kò ní ìwà burúkú kan tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà ní Sábó. Ìgbà tí fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí bàjẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Sùúrùlérè ni òun àti Shakirat pàdé, nítorí Shakirat ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó dúró lé Taoheed lórí bíi sójà, ó ní bí àwọn abẹ́rẹ́ náà bá gbóná, gbogbo wọn á di omi lásán. Taoheed kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀, òun ti gbé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gun òkè fún ọjọ́ méjì rí nínú àpótí oníyìnyín, kò sì gbóná.

Òkè wo? Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Taoheed wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Dé Òkè, àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń yọ̀ǹda ara wọn láìgba kọ́bọ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí apá Adamawa, wọ́n á fẹsẹ̀ gun òkè tí mọ́tò kankan kò lè gùn, wọ́n á sì lọ bá àwọn ènìyàn tí baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Àwọn yìí kò ní ilé ìwòsàn, èéyi sì ń pa wọ́n lọ́mọ. Iṣẹ́ Taoheed ni pé kí yìnyín má yọ́ tán nínú àpótí. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń dán, Shakirat náà sì ń wò ó ju bó ṣe yẹ lọ. Kó tó di oṣù kejì, ìfẹ́ ti wọlé.

Oyin ló fa ìfura. Gbogbo ìgbà tí Taoheed bá ti òkè dé, á gbé kèrègbè kékeré kan wá fún Alaaji Yẹ̀kínnì, ewé ni wọ́n fi bò ó lẹ́nu, okùn pupa tí wọ́n hun ni wọ́n sì fi dì í. Káfíńtà ni Alaaji ní Ìdí-Oró, eruku pákó ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́, oyin yìí nìkan ló sì ń dá ikọ́ rẹ̀ dúró. Ó máa ń búra pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, Àǹtí Ìdíátù mú okùn náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ta òwú.

"Obìnrin ló hun èyí," ló sọ fún Shakirat. "Kì í sì í ṣe obìnrin tó ń kánjú. Ẹni tó ń tajà kì í di igbá báyìí."

Shakirat rẹ́rìn-ín, ó ní Àǹtí ti ń rí ohun tí kò sí. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Taoheed tún pàdé, ó bi í pé ta ló máa ń di oyin náà. Taoheed ní àwọn ará ibẹ̀ ni, ó sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fíríìjì kan tó ń dà á láàmú. Àwọn ará ibẹ̀. Kò lórúkọ, kò lójú. Ọ̀rọ̀ náà há Shakirat lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọjọ́ tí Taoheed bá lò lókè, tó ń wo fọ́tò rẹ̀ ní ìgbà méjì, ìgbà mẹ́ta, bóyá ojú obìnrin kan yóò máa yọ níbẹ̀ léraléra. Ó kórìíra ara rẹ̀ fún un. Kò sì jáwọ́.

Alaaji ní tirẹ̀ ń ṣe ohun tí gbogbo bàbá gidi ń ṣe. Ó ń ṣe ìwádìí. Ó rán ènìyàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ìdílé Taoheed ti wá. Wọ́n ní kò sí gbèsè, kò sí àrùn wèrè, kò sí ẹni tó jalè rí. Ó rán ènìyàn lọ sí Sábó. Wọ́n ní ọmọ náà kì í jà, kì í sì í mutí. Nígbà tí gbogbo ìròyìn pé sílẹ̀ tán, Alaaji wo ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀.

"Ó ku orí òkè," ni Alaaji wí. "Ìdá mẹ́fà ayé ọmọkùnrin yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdá kan wà lórí òkè. Ta la fẹ́ bi léèrè níbẹ̀?"



Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ẹgbẹ́ náà ń di ẹrù ní Sábó, Shakirat lọ bá wọn láìsọ fún Taoheed. Nínú ọkàn rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ ni òun lọ ṣe. Inú ọkàn rẹ̀ kan náà sì mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn Dókítà Fẹ́yìsayọ̀, obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, tó ń ké sí ẹnì kan láàárín àwọn páálí.

"Ọkọ Jael, jọ̀ọ́ ju téèpù yẹn sí mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Taoheed ló na téèpù náà. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí Shakirat lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ tó dúró yẹn ló pa Shakirat lára ju ẹ̀rín lọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni, kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè lọ mọ́?

Wọ́n rìn dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Yábàá. Níbẹ̀ ni Shakirat ti dúró.

"Ta ni Jael?"

"Wọ́n kàn ń ṣeré ni. O mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá eré ni. Mo ní ta ni?"

Taoheed wá sọ ọ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gun òkè náà, àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ kankan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀, tí yìnyín ń yọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú wọn lọ sí àgbàlá àgbà kan tí gbogbo òkè ń bọ̀wọ̀ fún. Taoheed, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, rí bàbá arúgbó tó jókòó, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré: ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó rò pé ìwà ọmọlúàbí òun ló wù wọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ti tò pẹ̀lú ọmọ wọn fún abẹ́rẹ́.

Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni ògbufọ̀ wọn tó ṣàlàyé fún wọn. Lórí òkè yẹn, ènìyàn kàn ń tẹ orí ba fún àgbà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja síwájú ìlẹ̀kùn ẹni, ẹni tó wá tọrọ ọmọbìnrin ilé náà. Jael, ọmọ àgbà yẹn kan ṣoṣo tí kò tíì lọ́kọ, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú igbá omi.

"O ò padà lọ sọ fún wọn?"

"Gbogbo ẹgbẹ́ ló ní ká dákẹ́. Torí wọ́n kà mí sí àna ni wọ́n ṣe gbà wá. Mo ní kí a kọ́kọ́ gún àwọn ọmọ tán, lẹ́yìn náà..."

"Ọdún mélòó nìyẹn?"

"Méjì."

"Oyin ńkọ́?"

Taoheed wo ilẹ̀. Ó ní ilé ìyàwó ló máa ń fi oyin ránṣẹ́ sí ẹni tó wá tọrọ ọmọ, títí wọn yóò fi gbé ọmọ náà fún un. Jael fúnra rẹ̀ ló ń wá oyin náà nínú àpáta, òun ló ń hun okùn rẹ̀.

"Ìwọ wá ń gbé e wá fún bàbá mi." Ohùn Shakirat kò ga. "Ṣé o fọwọ́ kàn án rí?"

"Wọlahi, rárá. Èmi àti ẹ̀ ò tíì jókòó sọ̀rọ̀ rí."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ irọ́. Ohun tó ń dun Shakirat ni pé kò mọ ọ̀nà tí òun fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tó dákẹ́ fún ọdún méjì nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ rọrùn, kí ló tún dákẹ́ lé lórí? Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé láìdágbére fún un, ó sì sunkún láti Yábàá dé Ìdí-Oró, kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Alaaji Yẹ̀kínnì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé kèrègbè oyin kúrò lórí tábìlì, ó gbé e sílẹ̀ lóde. Ó ní ọkùnrin lè ní ju ìyàwó kan lọ, òun náà ti fẹ́ méjì rí, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀kan pamọ́ fún èkejì. Kí Taoheed má wọ ilé òun mọ́. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti dárúkọ oyin.

Àǹtí Ìdíátù wá di ẹni tó ń rìn láàárín Sábó àti Múṣin bíi kọ̀ǹdọ́kítọ̀. Taoheed ń bẹ̀bẹ̀, Shakirat kò dáhùn. Taoheed ní òun yóò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Shakirat ní ìyẹn ò kan òun. Bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, á rántí àpótí oníyìnyín, inú á bí i, lẹ́yìn náà àárò ọkùnrin náà á sọ ọ́ débi pé á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tó tún ṣe. Ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní í rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí kò jẹ́ kó sinmi, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Taoheed nìkan. Ó ń rò nípa obìnrin tí kò mọ̀ rí, tó ń gun àpáta lọ wá oyin fún ọkọ tí kò ka ara rẹ̀ sí ọkọ. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó rán Àǹtí.

"Ẹ sọ fún un pé kó padà lọ. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn. Kó má rán ògbufọ̀, kó má rán dókítà. Obìnrin kan ń dúró lórúkọ ẹ̀."

Taoheed lọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló dé, ó sì ti rù. Gbogbo abẹ́rẹ́ tó gbé lọ ló gbé padà. Ó dúró síta ilé Alaaji, torí wọ́n ti ní kó má wọlé, ó sì jíṣẹ́ fún Àǹtí Ìdíátù lójú Shakirat. Ó ní òun ti jẹ́wọ́, òun sì ti sọ fún wọn pé obìnrin tí òun fẹ́ fẹ́ wà l'Ékòó. Bàbá Jael kò bínú, ó kàn bi í pé èwo gan-an ni irọ́, ti àkọ́kọ́ ni tàbí ti ìsinsìnyí? Bóyá kò sí obìnrin kankan l'Ékòó, bóyá ọmọ òun ló wulẹ̀ sú u. Jael ló wá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní bí obìnrin náà bá wà lóòótọ́, kó wá, kí àwọn rí i, kí àwọn bi í léèrè ọ̀rọ̀. Títí dìgbà náà, kò sí ọmọ kankan tí yóò gba abẹ́rẹ́.

Shakirat fura sí èyí náà. Kí ló dé tí Taoheed fi ń fẹ́ mú òun lọ síbi tí òun ò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni? Ó pe Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ lórí fóònù. Dókítà ní òótọ́ ni, òun wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ gan-an, torí èéyi tún ti bẹ̀rẹ̀ ní apá kejì òkè náà.

Alaaji ní kò ṣeé gbọ́ létí. Kí òun fi ọmọ òun ránṣẹ́ kí wọ́n lọ máa yẹ̀ ẹ́ wò? Àǹtí Ìdíátù ló dá a lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rán ènìyàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ rán ènìyàn lọ sí Sábó. Àwọn yẹn náà lọ́mọ obìnrin."

Ikọ́ mú Alaaji, ó tún fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa lọ, ṣùgbọ́n Ìdíátù gbọ́dọ̀ bá a lọ, òun ló sì máa dáhùn bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ òun.

Bí Àǹtí Ìdíátù ṣe gun òkè yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ. Ó bú òkè, ó bú bàtà, ó bú Taoheed, ó bú ara rẹ̀ tó gbà láti ṣe alárinà, ó sì dé orí òkè ṣáájú dókítà. Bí wọ́n ṣe wọ àgbàlá àgbà náà, Àǹtí ní kí Taoheed lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ igi lọ́ọ̀ọ́kán, kò gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ ti gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn. Ọmọ ibẹ̀ kan tó kàwé ní Yola, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló bọ́ sáàárín ṣe ògbufọ̀.

Jael dàgbà ju bí Shakirat ṣe rò lọ. Ó ga, àpá ojú oró oyin wà ní apá rẹ̀ méjèèjì, kò sì rẹwà bíi ti ọ̀tá tí Shakirat ti ń yà sọ́kàn láti oṣù mélòó kan. Àwọn ìyá yí wọn ká pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Jael wo Shakirat láti orí dé ẹsẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Ó wá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

"Ó ní ṣé Taoheed fúnra ẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ òun fún yín," ni ògbufọ̀ wí, "àbí ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ níbòmíràn?"

Shakirat mọ ohun tí ìdáhùn yẹn lè ṣe. Bó bá ní Taoheed ló sọ fún òun, orúkọ ọkùnrin náà á mọ́, àwọn ìyá wọ̀nyí á sì tú ọmọ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Dókítà Fẹ́yìsayọ̀ ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ní abẹ́ igi, Taoheed ti gbórí sókè. Irọ́ kékeré kan ni, fún àǹfààní àwọn ọmọ. Shakirat ronú pé bóyá báyìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ fún Taoheed náà.

"Rárá," ló wí. "Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Kò sọ fún mi."

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Taoheed sì gbé ojú sílẹ̀.

Jael bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba ọmọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó gbé e lé Shakirat lẹ́sẹ̀. Ògbufọ̀ ní Jael sọ pé obìnrin yìí kò parọ́, nítorí náà, òun ni kó gún àwọn ọmọ, ọkùnrin yẹn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ wọn. Shakirat gún ọmọ láti ìgbà náà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, ó tún gún wọn ní ọjọ́ kejì. Taoheed ń ti àpótí oníyìnyín síwájú láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n ń dìde, Jael tún béèrè bóyá Shakirat yóò fẹ́ Taoheed. Shakirat ní òun ò tíì mọ̀. Ó sì mọ̀ pé Taoheed gbọ́.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, àwọn yòókù ti ṣíwájú, nígbà tí Taoheed dúró lójú ọ̀nà.

"Nǹkan kan wà tí o ò bi mí."

Shakirat dúró.

"Lọ́dún àkọ́kọ́, ọkùnrin méjì wá tọrọ Jael. Bàbá ẹ̀ lé wọn torí mi. Ògbufọ̀ sọ fún mi nígbà yẹn. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Jael náà ò sì mọ̀ pé mo mọ̀."

Inú bí Shakirat gan-an. Ìgbà tó rò pé òun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán nìyí, èyí tó burú jù ló sì kù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé kò sẹ́ni tó mú un, kò sẹ́ni tó bi í, kò sì sí ọ̀nà kankan tí òun ìbá fi mọ̀ láéláé.

"Padà lọ," ló wí. "Òun lo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ sọ ọ́ fún un."

Taoheed wo òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀. Ó gbé àpótí sílẹ̀, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Shakirat jókòó lórí àpáta, ó ń wò ó títí kò fi rí i mọ́.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Àǹtí Ìdíátù padà wá wò ó, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní dókítà àti àwọn yòókù ti ń dúró nísàlẹ̀, ó sì ní bí Shakirat bá ti kọ̀ ọ́, kó sọ, kí wọ́n máa lọ sílé, òun á mọ bí òun ṣe máa bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jókòó, Àǹtí," ni Shakirat wí. "Ọkọ mi ń bọ̀."